Taya Ẹ̀rùn Tí Mo Sọ Lórúkọ

Èmi ni mo sọ taya náà lórúkọ. Bí mo bá ní kí n pìtàn yìí láìkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni màá máa pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ti lé lógún ọdún báyìí tí mo ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí mo wà, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò mọ ìdí tó fi ń dùn mí, nítorí orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ìtumọ̀ létí àwọn ará ibí. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún ní, "Ṣé taya lásán lẹ ń torí ẹ̀ banú jẹ́?" Látìgbà náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù taya ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ilé gígùn kan ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, ó ní ilẹ̀kùn ńlá méjì tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Èmi wà nídìí káńtà níwájú, lẹ́yìn gíláàsì kan tí kì í mọ́ bó ti wù kí n nù ún tó, nítorí eruku dúdú tó ń jáde lára rọ́bà. Tí mo bá wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á ti di aṣọ ọ̀fọ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀yìn mi ni ibi iṣẹ́ gan-an wà: jáàkì mẹ́ta, ẹ̀rọ tí ń tú taya kúrò lára ríìmù, ẹ̀rọ tí ń yí wíìlì wò bóyá ó dọ́gba, àti Baba Jáàkì.

Baba Jáàkì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ki pọ́pọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí ìdí ìkòkò. Tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ náà pa ojú taya lẹ́ẹ̀kan, á sọ ìwà ẹni tó ni ín fún un. "Ìwọ yìí," á ní, "o máa ń gba kọ́nà bí ẹni tí ajá ń lé." Oníbàárà á kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Baba Jáàkì kò kàwé. Èmi ni ojú rẹ̀ nínú bébà, òun ni ọwọ́ mi nínú rọ́bà.

Èdè òyìnbó ni àwọn tó ń ṣe taya fi ń kọ ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í fẹ́ kí oníbàárà bi òun ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ní kí n kọ pátákó sára ògiri ní èdè wa, kí ẹni tó bá wọlé lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí à ń tà. Mo fi odindi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Èyí tí wọ́n ń lò yípo ọdún, mo pè é ní taya tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Baba Jáàkì pàápàá ní ó dà bí orúkọ oyè. Èkejì, tí wọ́n ṣe fún apá kan ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, mo pè é ní taya ẹ̀rùn. Bí èkíní bá jẹ́ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, kí ni èkejì ìbá tún máa jẹ́? Wọ́n bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní, Afínjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ogún ọdún ló fi jù mí lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì èrò, kò sì fi ara ọkọ̀ kan ohunkóhun rí. Kò kan èèyàn, kò kan ògiri, kò tilẹ̀ ha ọ̀dà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ gbogbo èyí sí, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ẹlòmíràn máa ń gbé àwòrán ìgbéyàwó sí. Ìyàwó rẹ̀ á máa fi han àlejò: "Ẹ kí ìyáálé mi lára ògiri o." Ìyàwó náà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó wọlé wá, ọkọ òun kékeré ló ń pè mí bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi di àgbà.

Afínjú kò ní ohun mìíràn tó lè fi yangàn. Kò kàwé púpọ̀, kò kọ́lé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí sítíárìn, ìyẹn ni ohun tó ní láyé. Bí ẹ bá bi í pé ta ni, ohun tó máa sọ nìyẹn.

Bó ṣe fẹ̀yìn tì, ó lọ ra ọkọ̀ asáré kan, àlòkù, onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé ìdí lèèyàn kọ́kọ́ ń fi wọ̀ ọ́ kó tó wá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ bí ẹni ń wọ agbada omi, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ó dá a lóhùn pé, "Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tẹ aago fún mi pé kí n dúró. Mo fẹ́ wa èyí tí kò ní aago."

Òjò ọdún yẹn ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

"Akọ̀wé," ó ní, orúkọ tó ń pè mí nìyẹn, "bàtà ọmọ mi ti jẹ tán. Kí lẹ ní?"

Mo nàka sí pátákó. Ó kà á sókè ketekete bí ẹni ń ka ìròyìn. Baba Jáàkì jáde wá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ọ̀gá awakọ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gbà. Ẹ jẹ́ n dè é, kí ẹ gbàgbé ẹ̀."

"Kí n dè é kí n gbàgbé ẹ̀? Ewúrẹ́ ni?"

"Òótọ́ ni mò ń sọ. Òjò ni o, oòrùn ni o, iṣẹ́ ń lọ."

"Baba Jáàkì, ẹni tó bá ní òun mọ gbogbo iṣẹ́, ẹ ti rí i kó mọ ọ̀kan délẹ̀ rí?"

"Èmi rèé!"

"Ẹ ò rí ohun tí mò ń wí!"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Oòrùn mú dáadáa lọ́sàn-án yẹn, ó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé sórí àwọn taya tí a tò sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú taya ẹ̀rùn. Ó tẹ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Ó padà tẹ ti àkọ́kọ́.

"Ẹ wá tẹ èyí wò. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun."

Baba Jáàkì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. "Rọ́bà yìí dáa, mi ò ní purọ́. Á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ọmọńlé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì de irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí mi ò bá tíì dè rí, mi ò lè búra lé e."

"Ṣé kí n wá wọ bàtà oko fún ìyàwó ọ̀ṣìngín nítorí pé ẹ ò lè búra?" Ó yíjú sí mi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣeré. "Akọ̀wé, ìwọ lo mọ̀wé. Ẹ̀rùn tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí, irú ẹ̀rùn wo ni?"

"Ẹ̀rùn wo ló tún wà, Bọ̀dá mi? Ẹ̀rùn náà ni. Tí òjò bá ti lọ, tí ilẹ̀ gbẹ."

"Tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má wà á. Ẹ gbé e sílé."

"Ìyẹn ò le. Ta ló fẹ́ gbé arẹwà yìí sínú òjò tẹ́lẹ̀?"

Ìwé tí wọ́n fi taya náà ránṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ojú ewé kìíní nìkan ni mo ti kà.

Nígbà tí Baba Jáàkì dè é tán, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wọlé ká jọ dán an wò. A gba ọ̀nà tó lọ sí etí odò, a sì padà. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ń gba kọ́nà bí ẹni tí ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí àṣìṣe. Kò sáré. Ó kàn ń mọ ilẹ̀. "O ń gbọ́ ọ?" ó ní. "O ń gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn?" Mo ní mò ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi ń dùn pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

Ó sì pa ọ̀rọ̀ mi mọ́, ìyẹn ló ń pa mí lára jù. Tí ìkúukùu bá ṣú, á gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì, á lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó ń wo ojú ọ̀run ju àgbẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò ń bú u pé, "Afínjú, ọkọ̀ yín iyọ̀ ni?" Á ní, "Àbúrò mi ní kí n má gbé e sínú òjò." Nígbà tí òjò lọ pátápátá, tí koríko pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù ohunkóhun.

Ní oṣù yẹn, ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó bímọ, lódìkejì òkè. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la tó máa padà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

"Mò ń lọ gbé ìyàwó mi láàárọ̀. Òjò kan ò rọ̀ láti oṣù tó kọjá, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ̀rùn gangan rèé, àbí?"

"Ẹ̀rùn gangan ni, Bọ̀dá mi. Ẹ bá mi kí Aǹtí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu mi bí mo ṣe ń ṣí àgádágodo. Ìrì ti dì funfun lórí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bó ti máa ń dì láwọn àárọ̀ kan nílùú orí òkè tiwa. N kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù mi nígbà tí Baba Jáàkì ké láti ẹ̀yìnkùlé.

"Akọ̀wé! Wá o! Wá wo ohun tí wọ́n kó fún wa!"

Taya ẹ̀rùn mẹ́rin mìíràn tí wọ́n kó dé lánàá ni wọ́n fi sun ìta, lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ páànù. Baba Jáàkì mú ọwọ́ òòlù, ó fi kan ọ̀kan. Ó dún: kó, kó, kó.

"Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó dà bí pátákó. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò wọ̀.

"Irú ti ẹ̀gbọ́n ẹ nìyí," Baba Jáàkì ní. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ara rẹ̀. "Rọ́bà yìí ti kú. Igi ni èyí. Èèyàn ò lè fi igi gba kọ́nà."

Mo sáré wọlé, mo fa dúrọ́ọ̀ yọ. Ojú ewé kẹta ló wà. Ìlà àkọ́kọ́ ní nínú òjò ìgbà ooru, taya náà yóò di ilẹ̀ mú dáadáa. Ìlà kejì ní tí òtútù bá ti mú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó, ìbáà jẹ́ pé ọ̀nà gbẹ, nítorí rọ́bà rẹ̀ yóò le, yóò sì máa yọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Òtútù ni.

Ooru ni wọ́n kọ, gbígbẹ ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí. Ìgbà ooru tiwọn kò ní òtútù nínú, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rùn tiwa gan-an ni ọyẹ́ ń gbé. Ọmọdé wa wo ni kò mọ̀ pé àárín ẹ̀rùn ni eyín ti máa ń gbá eyín láàárọ̀? Èmi náà mọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Mo kàn fi ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi lẹ́nu bo ohun tí mo mọ̀ mọ́lẹ̀.

Mo pe fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún pè é. Láti ọjọ́ tí fóònù ti dáyé, kò gbé e rí nígbà tó bá wà nídìí ọkọ̀. Ó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń dún sí i láyà, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ awakọ̀ burúkú ni, ìbá ti gbé e.

Mo pe ìyàwó rẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Aǹtí, Bọ̀dá mi ti dé?"

"Rárá o. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ní òun gbéra. Mo ti di ẹrù tán, mo ti jókòó tì í bí èrò bọ́ọ̀sì." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Kí ló dé tí ohùn yín rí báyìí?"

"Tó bá dé, ẹ sọ fún un kó má tún wa ọkọ̀ yẹn títí oòrùn á fi mú."

"Tó bá dé, màá sọ fún un. Ṣùgbọ́n kò tíì dé. Kí ló dé?"

Mo fọwọ́ tẹ ojú ewé kẹta mọ́ káńtà. Aǹtí kò pa fóònù, èmi náà kò pa á. Mò ń gbọ́ ọmọ tuntun tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n fi ọmú sí i lẹ́nu. Baba Jáàkì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ṣọ́ọ̀bù kúrò lára ìṣó, ó wo aago, ó sì dá a padà sórí ìṣó. "Ó ti fi wákàtí kan ṣáájú wa," ó ní. "Àfi tí a bá fò." Oníbàárà kan wọlé, ó béèrè taya alùpùpù. A wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó jáde.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Òun fúnra rẹ̀ ni.

"Akọ̀wé," ó ní. "Mo ti kan nǹkan."

"Bọ̀dá mi, ṣé ara yín le?"

"Mo ti kan nǹkan," ó tún wí.

Ògiri òkúta ló kàn, ní kọ́nà kejì tí ọ̀nà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì òkè. Kò kan ẹlòmíràn. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ló ṣẹ́, iwájú ọkọ̀ náà sì rún. Ó ní òun ò sáré. Ó ní òun yí sítíárìn bí òun ṣe máa ń yí i, ọkọ̀ náà kàn ń lọ tààrà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́ pé wọ́n ń pe òun.

Mo mú ìwé náà lọ bá a nílé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun ilé ìwòsàn bo ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀. Mo ka ojú ewé kẹta fún un, mo túmọ̀ rẹ̀, mo ní èmi ni mo ṣe é. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde.

"Mo gbọ́," ó ní.

"Taya ni, Bọ̀dá mi. Ọwọ́ yín yí i. Taya ni ò gbọ́."

"Akọ̀wé, ọgbọ̀n ọdún. Taya burúkú wo ni mi ò tíì fi rìn? Mo ti fi èyí tó pá bí orí mi yìí gba òkè kan náà, pẹ̀lú àádọ́ta èrò. Mi ò kan nǹkan." Ó gbé ọwọ́ tó ṣẹ́ sókè, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó já a kulẹ̀. "Mo rò pé mo yí i. Bí àgbà ṣe máa ń dé nìyẹn. O ó rò pé o ṣe nǹkan, o ò ṣe é."

"Kò rí bẹ́ẹ̀!"

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi."

Bí mo bá ṣe ń tẹnu mọ́ òótọ́ tó ni òótọ́ náà ń dà bí irọ́ àánú.

Mo lọ bẹ Baba Jáàkì. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn taya náà ka èjìká, ó bá mi rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ti pọ́n, oòrùn ti mú rọ́bà náà gbóná látọ̀nà. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ ní pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ fúnra yín lẹ sọ pé ó dáa."

"Láàárọ̀ ni, Ọ̀gá awakọ̀! Láàárọ̀ kùtù! Ẹ jẹ́ kó sun ìta níbí, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lọ́la."

"Baba Jáàkì, ẹ ṣeun. Ẹ gbé e lọ. Ẹni ire ni yín."

Ìyàwó rẹ̀ sin wá dé ẹnu ọ̀nà. "Ó ti gbé ìyáálé mi kúrò lára ògiri," ó sọ fún mi. Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, kò yọrí. "Mo gbé e padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń gbé e kúrò."

Mo pa ẹ̀rùn rẹ́ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, mo kọ taya ìgbà ooru. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó kà á.

"O ti yí orúkọ ẹ̀. Tìtorí tèmi?"

"Tìtorí pé òun ló tọ̀nà ni, Bọ̀dá mi."

"O ṣé," ó ní, ó sì fọwọ́ kàn mí lórí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Kò wakọ̀ mọ́. Ọrùn ọwọ́ náà jinná, dókítà ní kò sí ohun tí kò lè fi ṣe, kò sì wakọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, ó lulẹ̀ nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì kó tó yege. Òun ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mo fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Kò bá a wí. Kò sọ pé rọra, kò sọ pé yà. Ó di ọwọ́ méjèèjì sí àárín itan bí èrò.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí kò sí bíréèkì kankan. Kì í tètè tẹ̀ ẹ́ jù, kì í pẹ́ jù. Ìgbà tó yẹ gẹ́lẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìyàwó rẹ̀ tó tẹ bíréèkì tòótọ́, ní gbogbo kọ́nà, títí a fi dé. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo fẹ́ ní, Bọ̀dá mi, ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé yóò ní òun mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àpótí mi, mo kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì pé ó dàbọ̀.